Láti Àgbàlá Tìmì dé Yàrá Oníbúlọ́ọ̀kù: Ìtàn Ibi Tí Ìlù Ti Ń Dún ní Ẹdẹ

Ọba tí ìlù ń kì láàárọ̀ àti lálẹ́ pọ̀ ní ilẹ̀ Yorùbá. Ọba tó ń gbé ìyáàlù kọ́ èjìká ara rẹ̀, tó ń mú kọ̀ǹgọ́, tó sì ń fi ìlù sọ̀rọ̀ níwájú àlejò kò wọ́pọ̀ rárá. Irú ọba bẹ́ẹ̀ ni John Adétóyèṣe Láoyè Kìíní, tó jẹ Tìmì Ẹdẹ láti 1946 títí tó fi wàjà ní 1975. Kì í ṣe pé ó mọ ìlù lù nìkan, ó mọ ìtàn rẹ̀, ó sì kọ ọ́ sílẹ̀. Ní 1954, àròkọ rẹ̀ lórí ìlù Yorùbá jáde nínú Nigeria Magazine. Ní 1959, òmíràn jáde nínú Odù, ìwé àtìgbàdégbà tó wà fún ìmọ̀ àṣà Yorùbá. Títí dòní, ẹni tó bá fẹ́ kọ nǹkan gúnmọ́ lórí dùndún ní láti gba ọ̀dọ̀ Tìmì yìí kọjá.

Ìwé ti pọ̀ lórí awọ, igi, ọ̀ṣán àti ṣaworo. Ohun tí kò tíì gba ìwé tó bẹ́ẹ̀ ni ibi tí ìlù ti ń dún: ògiri tó yí i ká, òrùlé tó bò ó, tàbí ojú ọ̀run tó ṣí sílẹ̀ lórí rẹ̀. Bẹ́ẹ̀, níbẹ̀ ni ìdajì ohùn wà. Ìyáàlù kan náà, ọwọ́ kan náà, tí wọ́n bá lù ú ní ojúde ààfin, tí wọ́n tún lù ú nínú yàrá oníbúlọ́ọ̀kù tó ní páànù lórí, ohùn méjì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni etí yóò gbọ́. Orin Ẹdẹ ti rìn láti ìta gbangba wọ inú yàrá, ìrìn náà ló sì bí wàhálà tí ọ̀dọ́ tó ń ṣe míìsì orin nínú ilé rẹ̀ lónìí ń bá yí.

Ìlú ààlà ni Ẹdẹ ní ìpilẹ̀ṣẹ̀. Ìtàn àtẹnudẹ́nu sọ pé Aláàfin Ọ̀yọ́ ló rán Tìmì Àgbálé, Ọlọ́fà-iná, wá ṣọ́ ìhà ibẹ̀. Òun náà ni Tìmì tí òun àti Gbọ́nkáà jọ wọ̀yá ìjà nínú ìtàn Ṣàngó. Akínwùmí Ògúndìran, onímọ̀ ìwalẹ̀pìtàn, wa ilẹ̀ ní Ẹdẹ-Ilé, ibi tí ìlú náà wà kí wọ́n tó ṣí sọdá odò Ọ̀ṣun, ohun tó rí níbẹ̀ sì fi hàn pé àwọn ará Ọ̀yọ́ ló tẹ̀ ẹ́ dó ní nǹkan bí ọ̀rúndún kẹtàdínlógún. Kò yani lẹ́nu, nígbà náà, pé ìlù Ọ̀yọ́ ni ìlù Ẹdẹ: dùndún fún ọba àti fún àríyá, bàtá fún Ṣàngó àti fún egúngún. Ọbàtálá náà ní ojúbọ ńlá ní Ẹdẹ, Ajagẹmọ sì ni àwòrò rẹ̀. Ìgbìn ni ìlù ti Ọbàtálá, ìlù kúkúrú tó ń fi ẹsẹ̀ ara rẹ̀ dúró nílẹ̀, tí ohùn rẹ̀ wúwo. Ọ̀dọ̀ Ajagẹmọ yìí ni Susanne Wenger, ọmọ Austria, ti gba òrìṣà nígbà tí òun àti ọkọ rẹ̀, Ulli Beier, ń gbé ní Ẹdẹ ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1950, kí wọ́n tó lọ fìdí kalẹ̀ sí Òṣogbo.

Ilé tí àwọn ìlù wọ̀nyí ti dàgbà kò jọ ilé òní. Agbo-ilé àtijọ́ máa ń yí àgbàlá ká ni. Ògiri amọ̀ rẹ̀ nípọn, ọ̀dẹ̀dẹ̀ rẹ̀ kọjú sí àárín, òrùlé bẹẹrẹ rẹ̀ sì wálẹ̀ débi pé ẹni tó ga ní láti tẹrí ba kó tó wọlé. Ààfin tóbi ju ìyẹn lọ, ó ní àgbàlá púpọ̀, ó sì ní kọ̀bì, ṣùgbọ́n ìlànà kan náà ni wọ́n fi kọ́ ọ. Níbi tí ìlù ti ń dún gan-an, kò sí òrùlé.

Ẹ jẹ́ ká tẹ̀ lé ohùn náà lọ. Èyí tó bá gòkè láti inú àgbàlá ti lọ nìyẹn, kò sí ohun tí yóò dá a padà. Èyí tó bá lọ sí ẹ̀gbẹ́ yóò kan ògiri tí ọwọ́ ènìyàn mọ, tí kò tẹ́jú bọ̀rọ̀gìdì, ògiri náà yóò sì fọ́n ọn ká. Bẹẹrẹ orí òrùlé yóò gbé díẹ̀ mì. Àwọn ènìyàn tó péjọ, pẹ̀lú aṣọ òfì àti agbádá lára wọn, yóò gbé púpọ̀ mì. Ìwọ̀nba tó bá ṣẹ́ kù tó padà sí etí ni ó ń fún ìlù ní ara, láìba ọ̀rọ̀ tó ń sọ jẹ́.

Ọ̀rọ̀ tó ń sọ yẹn ṣe pàtàkì. Dùndún kì í kàn dún, ohùn òkè, ohùn àárín àti ohùn ìsàlẹ̀ ni ó fi ń pe orúkọ, tó fi ń ki oríkì. Bí ìró kan bá ṣì ń dún nígbà tí èkejì ti dé, tí ẹ̀kẹta tún gun àwọn méjèèjì lórí, oríkì ọba di ariwo lásán. Ibi tí ohùn kì í ti í tètè kú kò bá ìlù tó ń sọ̀rọ̀ mu. Àgbàlá bá a mu. Àwọn àyàn Ẹdẹ kò nílò kí ẹnikẹ́ni fi ìwé ṣàlàyé èyí fún wọn. Wọ́n mọ ibi tí wọ́n máa dúró sí kí ọ̀rọ̀ tó dé etí ọba.

Lẹ́yìn odi, ìṣòro ohùn tí kì í tètè kú yìí dé bá ọ̀mọ̀wé ọ̀dọ́ kan ní yunifásítì Harvard, ní Amẹ́ríkà, ní 1895. Wallace Clement Sabine ni orúkọ rẹ̀. Wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ kọ́ gbọ̀ngàn ìdánilẹ́kọ̀ọ́ kan sínú ilé Fogg, kò sì sí ẹni tó ń gbọ́ ohun tí olùkọ́ ń sọ níbẹ̀, nítorí pé ọ̀rọ̀ kan tó jáde lẹ́nu rẹ̀ ń dún fún ìṣẹ́jú-àáyá márùn-ún ààbọ̀ kó tó kú. Sabine lọ yá tìmùtìmù ìjókòó láti gbọ̀ngàn Sanders. Lóru, nígbà tí ìgboro ti dákẹ́, ó ń kó wọn wọlé díẹ̀díẹ̀, ó ń fun fèrè dùùrù, ó sì ń fi aago wọn bí ohùn ṣe ń pẹ́ tó. Bí tìmùtìmù ṣe ń pọ̀ sí i ni ohùn ń yára kú. Ọ̀pọ̀ òru bẹ́ẹ̀ ló kọjá kí ìṣirò náà tó dá a lójú ní 1898: fi 0.161 sọ ìwọ̀n inú yàrá di púpọ̀, fi àpapọ̀ ohun tó ń gbé ohùn mì nínú rẹ̀ pín in, èsì rẹ̀ ni iye ìṣẹ́jú-àáyá tí ohùn yóò lò. Gbọ̀ngàn Symphony Hall ti Boston, tí wọ́n ṣí ní 1900, ni ilé orin àkọ́kọ́ tí wọ́n fi ìṣirò yìí kọ́, òkìkí rẹ̀ kò sì tíì wọmi títí di òní.

Ohun tó yẹ kí ará Ẹdẹ kíyè sí nínú iṣẹ́ Sabine ni òṣùwọ̀n tó yàn. Ojú fèrèsé tó ṣí sílẹ̀ ni ó fi ń wọn bí nǹkan ṣe lè gbé ohùn mì tó, nítorí pé ohùn tó bá gba ojú fèrèsé jáde kì í padà wá mọ́. Nínú ìṣirò yìí, àgbàlá Tìmì jẹ́ yàrá ńlá tí gbogbo àjà rẹ̀ jẹ́ fèrèsé tó ṣí sílẹ̀.

Simẹ́ńtì àti páànù ló yí ọ̀rọ̀ padà. Bí ọ̀rúndún ogún ṣe ń lọ, bẹẹrẹ kúrò lórí ilé, páànù rọ́pò rẹ̀. Wọ́n fi simẹ́ńtì rẹ́ ògiri amọ̀, nígbà tó yá wọ́n fi búlọ́ọ̀kù mọ ọ́ láti ìpìlẹ̀. Ilé tuntun kò jó bí ilé koríko, òjò kò sì tètè bà á jẹ́, kò sí ẹni tó gbọ́dọ̀ dá àwọn bàbá wa lẹ́bi. Ṣùgbọ́n simẹ́ńtì tí wọ́n rẹ́ dán máa ń dá ohùn tó lé ní 95 nínú 100 padà. Ṣọ́ọ̀ṣì àti mọ́ṣáláṣí ńláńlá dé, àjà wọn ga, ògiri wọn le. Orin ìyìn tó ń lọ jẹ́jẹ́ àti dùùrù rí ibùgbé níbẹ̀. Ìlù tó ń sọ̀rọ̀ kò rí.

Ní Òṣogbo, tí kò jìnnà sí Ẹdẹ, Dúró Ládìpọ̀ gbé ìlù ìbílẹ̀ Yorùbá wọ inú orin Àjíǹde tó ṣe fún ìjọ All Saints ní 1961. Àwọn àgbà ìjọ kọ̀ ọ́, wọ́n ní ìlù abọ̀rìṣà ni. Ìpinnu ẹ̀sìn ni, ó sì dun ọ̀pọ̀ ènìyàn. Ládìpọ̀ gbé ìlù rẹ̀ jáde kúrò lábẹ́ òrùlé yẹn, ó di ọ̀gá Mbari Mbayo, ẹgbẹ́ àwọn oníṣẹ́ ọnà ní Òṣogbo, ní 1962, ó sì ṣe eré Ọba Kò So ní 1963, eré Ṣàngó tí Tìmì inú ìtàn ti kó ipa tó lágbára. Ní 1964, eré náà dé Berlin. Ìlù tí ilé ìsìn kọ̀ ni àwọn ará Jámánì jókòó gbọ́ nínú gbọ̀ngàn eré.

Ohun kejì tó mú orin wọ inú yàrá ni ẹ̀rọ tó ń gba ohùn sílẹ̀. Ní 1922, Àlùfáà J. J. Ransome-Kuti ti Abẹ́òkúta kọ orin 43 tí ilé iṣẹ́ Zonophone gbà sílẹ̀ ní Lọ́ńdọ̀nù. Kò tíì sí máíkì ní sítúdíò nígbà náà. Ẹnu fùnnẹ́lì ńlá kan ni akọrin ń kọjú sí, abẹ́rẹ́ sì ń fi agbára ohùn náà gan-an fín orí ìda. Ẹni tó bá dúró jìnnà kò ní gbọ́ ara rẹ̀ nínú rẹ́kọ́ọ̀dù. Láti 1925 tí máíkì oníná dé, ẹ̀rọ bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ́ ohun tí fùnnẹ́lì kì í gbọ́: ó ń gbọ́ akọrin, ó sì ń gbọ́ yàrá. Láti ìgbà náà ni ògiri sítúdíò ti di nǹkan tí wọ́n ń náwó lé lórí.

Àwọn tó wá gba ìlù Yorùbá sílẹ̀ fún ìmọ̀ kò ní sítúdíò lọ́wọ́. William Bascom gbé ẹ̀rọ rẹ̀ lọ bá àwọn onílù ní ilé wọn, Folkways sì gbé Drums of the Yoruba of Nigeria jáde ní 1953. Ẹ̀rọ náà kéré sí ti òní, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ ìlù inú rẹ̀ ṣeé gbọ́. Ó yẹ kí èyí kọ́ ọ̀pọ̀ ẹni tó gbà pé owó ẹ̀rọ ló ń mú ohùn dára lẹ́kọ̀ọ́.

Rédíò náà ń gbilẹ̀ nígbà yẹn. Nigerian Broadcasting Service bẹ̀rẹ̀ ní 1951, tẹlifíṣọ̀n WNTV sì bẹ̀rẹ̀ ní Ìbàdàn ní ọjọ́ 31 oṣù Kẹwàá, ọdún 1959. Ní Èkó, ilé iṣẹ́ rẹ́kọ́ọ̀dù Decca àti EMI ni ọwọ́ wọn wà lórí orin. Àpàlà, jùjú, sákárà, gbogbo wọn ni wọ́n gbé wọ inú yàrá tí wọ́n fi nǹkan tẹ́ ògiri rẹ̀, tí wọ́n sì ní kí ẹgbẹ́ onílù tó mọ́ ojú agbo lára jókòó yí máíkì ká. Orin tí Haruna Ìṣọ̀lá, olórin àpàlà, fi pọ́n ẹgbẹ́ Oroki Social Club ti Òṣogbo lé, tó jáde ní 1971, gbajúmọ̀ púpọ̀.

Kí ẹnikẹ́ni má rò pé sítúdíò ńlá kì í níṣòro. Nígbà tí Paul McCartney wá sí Èkó ní oṣù Kẹjọ ọdún 1973 láti wá ṣe Band on the Run, sítúdíò EMI tó wà ní Wharf Road, Apápá, ni wọ́n ti ṣiṣẹ́. Ẹ̀rọ tó lè gba ohùn mẹ́jọ lọ́tọ̀ọ̀tọ̀ ni wọ́n bá níbẹ̀, yàrá náà kò sì ní gbogbo ohun tí Geoff Emerick, ẹnjiníà wọn tó ti bá àwọn Beatles ṣiṣẹ́, ti mọ́ lára ní Lọ́ńdọ̀nù. Wọ́n tún lọ sí sítúdíò ARC tí Ginger Baker kọ́ sí Ìkẹjà fún orin kan, Baker fúnra rẹ̀ sì mi agolo tí wọ́n da òkúta wẹ́wẹ́ sí fún wọn bíi ṣẹ̀kẹ̀rẹ̀. Rẹ́kọ́ọ̀dù tó ti ibẹ̀ jáde wà lára èyí tó tà jù lọ fún McCartney lẹ́yìn Beatles. Ẹnjiníà tó mọ yàrá rẹ̀, tó mọ ibi tó ń purọ́ àti ibi tó ń sọ òótọ́, lè ṣiṣẹ́ níbikíbi. Èyí tí kò mọ̀ ọ́n ni yàrá ń tàn jẹ.

Haruna Ìṣọ̀lá ní tirẹ̀ lọ kọ́ yàrá ara rẹ̀. Òun àti I. K. Dáíró ti jọ dá Star Records sílẹ̀ ní 1969, kí akọrin lè jẹ èrè iṣẹ́ ara rẹ̀. Ní 1979 ó tún tẹ̀ síwájú, ó kọ́ sítúdíò Phonodisk sí Ìjẹ̀bú-Igbó, ẹ̀rọ ibẹ̀ sì lè gba ohùn 24 lọ́tọ̀ọ̀tọ̀. Ọba àpàlà ni ó ṣe èyí, kì í ṣe ilé iṣẹ́ òyìnbó, kì í sì í ṣe ní Èkó. Tí wọ́n bá ń sọ̀rọ̀ àwọn tó sọ orin gbígbà sílẹ̀ di ohun tí ará ìlú lè ní sí ilé ara rẹ̀, orúkọ rẹ̀ ló yẹ kó ṣáájú.

Kọ̀ǹpútà ló wá parí iṣẹ́ náà. Ní ìparí àwọn ọdún 1990, ilé iṣẹ́ Image-Line ti Bẹ́ljíọ̀m gbé FruityLoops jáde, èyí tí gbogbo ayé ń pè ní FL Studio báyìí. Ohun tó ń gba odindi ilé ní Apápá wá wọ inú kọ̀ǹpútà kan lórí tábìlì. Ní Sùúrùlérè, OJB Jezreel ṣe African Queen fún 2Face Idibia, orin náà jáde nínú Face 2 Face ní 2004, gbogbo Áfíríkà sì gbọ́ ọ. Lẹ́yìn rẹ̀ ni ìran tuntun dìde, ọ̀kan nínú wọn sì jẹ́ ọmọ ìdílé Adélékè ti Ẹdẹ: David Adélékè, Davido, tí wọ́n bí sí Atlanta ní 1992. Dami Duro rẹ̀ jáde ní 2011, Omo Baba Olowo ní 2012. Ọmọ ìlú tí ọba rẹ̀ ń lu dùndún tún ti fi orin gba ayé kan.

Àpẹẹrẹ bẹ́ẹ̀ kò lè má ru àwọn ọ̀dọ́ sókè. Ẹdẹ òní ní Federal Polytechnic, Redeemer's University àti Adeleke University, ìlú sì kún fún akẹ́kọ̀ọ́. Nínú yàrá tí akẹ́kọ̀ọ́ ń gbé, kọ̀ǹpútà alágbèéká, máíkì kan, sípíkà méjì àti héèdífóònù ti tó láti bẹ̀rẹ̀. Orin ń jáde lójoojúmọ́. Ẹjọ́ tí wọ́n sì máa ń rò kò yàtọ̀ láti ọ̀dọ̀ ẹnì kan sí ẹlòmíràn: orin tó dùn nínú yàrá, tí wọ́n bá gbé e sínú mọ́tò, béèsì rẹ̀ á sọnù; tàbí kó jẹ́ pé nínú yàrá béèsì kò tó, wọ́n á bù kún un, nígbà tó bá dé òde àríyá, sípíkà á máa gbọ̀n bí ẹni tí ibà ń ṣe. Wọ́n á ní ẹ̀rọ kò dára. Wọ́n á tọ́jú owó ra òmíràn. Ẹjọ́ náà kò ní kúrò níbẹ̀.

Ẹ jẹ́ ká mú yàrá kan wò: ẹsẹ̀ bàtà 12 ní gígùn, 10 ní fífẹ̀, 9 ní gíga. Irú rẹ̀ kún ilẹ̀. Inú rẹ̀ tó mítà kúbíìkì 30. Tí gbogbo ojú rẹ̀ bá jẹ́ simẹ́ńtì tó ń gbé 3 péré mì nínú 100 ohùn tó bá kàn án, ìṣirò Sabine sọ pé ohùn yóò dún níbẹ̀ fún ìṣẹ́jú-àáyá tó lé ní méjì ààbọ̀. Ilẹ̀kùn, fèrèsé àti ẹni tó jókòó yóò dín in kù díẹ̀, ṣùgbọ́n ohun tí yàrá míìsì ń fẹ́ kò ju nǹkan bí 0.3 lọ. Láti dé ibẹ̀, yàrá náà nílò ohun tó ń gbé ohùn mì tó tó mítà onígun mẹ́rin 16, ìyẹn bí ìdá mẹ́rin gbogbo ojú ògiri, ilẹ̀ àti àjà.

Béèsì le ju ìyẹn lọ. Ohùn ń rìn bíi mítà 345 láàárín ìṣẹ́jú-àáyá kan nínú ooru wa. Láàárín ògiri méjì tó kọjú síra, ohùn kan wà tí ìdajì ìgbì rẹ̀ bá àlàfo náà mu rẹ́gí, tí àwọn ògiri náà á máa jù síra wọn tí kò fi ní kú bọ̀rọ̀. Nínú yàrá ẹsẹ̀ bàtà 12 yìí, ohùn náà wà ní nǹkan bí 47 Hz. Fífẹ̀ rẹ̀ fún un ní 57, gíga rẹ̀ fún un ní 63. Lẹ́bàá ògiri, ohùn wọ̀nyí á wú. Ní àárín gbùngbùn yàrá, wọ́n á fẹ́rẹ̀ẹ́ pòórá. Ẹni tó gbé àga rẹ̀ sí àárín á máa bù kún béèsì tí kò gbọ́. Ẹni tó fẹ̀yìn ti ògiri á máa gé èyí tó pọ̀ lójú rẹ̀ nìkan.

Dùndún kò mọ wàhálà yìí, nítorí pé ohùn ìyáàlù kò jìnnà sí ohùn ọkùnrin tó ń sọ̀rọ̀, kì í sọ̀kalẹ̀ dé abẹ́ ilẹ̀ bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n láti ìgbà tí amapiano ti ti Gúúsù Áfíríkà wọlé, béèsì tí wọ́n ń pè ní log drum ti gba orin wa, Unavailable tí Davido gbé jáde ní 2023 sì jẹ́ ẹ̀rí. Agbègbè 50 Hz ni béèsì yìí máa ń gúnlẹ̀ sí. Ibẹ̀ gan-an ni yàrá ẹsẹ̀ bàtà 12 ti ń purọ́ jù. Kò tíì sí ìgbà kan nínú ìtàn Ẹdẹ tí irú orin tó wà lóde àti irú yàrá tó wà nílẹ̀ bára wọn jà tó báyìí.

Oògùn tí ọ̀pọ̀ ń lò kò ran béèsì. Kíréètì ẹyin tí wọ́n ń lẹ̀ mọ́ ògiri kò ju páálí fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ lọ. Ohùn òkè díẹ̀ ló ń fọ́n ká, béèsì ń gba inú rẹ̀ kọjá bí ẹni pé kò sí níbẹ̀. Fóòmù tínrín náà kò yàtọ̀ púpọ̀. Ó ń gbé ohùn òkè mì, ó sì fi béèsì sílẹ̀, yàrá á wá dákẹ́ lókè, á máa kùn nísàlẹ̀, ìyẹn sì burú ju kí wọ́n má fọwọ́ kàn án lọ.

Fóòmù tún lè pani. Ní ọjọ́ 20 oṣù Kejì ọdún 2003, iná ìṣeré tí wọ́n tàn lórí ìtàgé ràn mọ́ fóòmù tí wọ́n lẹ̀ mọ́ ògiri ilé ijó Station ní ìpínlẹ̀ Rhode Island, ní Amẹ́ríkà, ènìyàn 100 sì kú. Ní oṣù Kìíní ọdún 2013, irú rẹ̀ ṣẹlẹ̀ ní ilé ijó Kiss ní ìlú Santa Maria, ní Brazil, ènìyàn 242 ló bá a lọ. Nínú yàrá tí wáyà ń gba orí wáyà, tí iná mànàmáná ń ṣẹ́jú, tí jẹnẹrétọ̀ sì ń gba iṣẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀, kò yẹ kí fóòmù bẹ́ẹ̀dì wà lára ògiri rárá.

Ohun tó ń ṣiṣẹ́ ni ohun tó nípọn, tó rọ̀, tí afẹ́fẹ́ lè wọ inú rẹ̀. Òwú òkúta tí wọ́n ń pè ní rockwool ló dára jù, kì í sì í gbiná. Níbi tí owó rẹ̀ bá ti pọ̀ jù, káfíńtà lè kan férémù igi tó jìn tó sẹ̀ǹtímítà 10 sí 15, kí wọ́n ká bùláńkẹ́ẹ̀tì, táwẹ̀lì àti aṣọ òkìrìkà tó nípọn sínú rẹ̀, kí wọ́n fi àdìrẹ tàbí aṣọ fẹ́lẹ́ mìíràn bò ó lójú, kí wọ́n sì gbé e jìnnà sí sọ́kẹ́ẹ̀tì. Igun yàrá ni kí wọ́n kọ́kọ́ gbé e sí, láti ilẹ̀ dé àjà, nítorí pé ibẹ̀ ni béèsì ń kó jọ sí. Lẹ́yìn náà ni ẹ̀gbẹ́ méjèèjì níbi tí ohùn sípíkà ti ń ta kan ògiri kó tó dé etí; ẹni kan á mú jígí rìn lẹ́bàá ògiri, ibi tí ẹni tó jókòó bá ti rí sípíkà nínú jígí ni férémù yóò wà. Tí àlàfo bá wà láàárín férémù àti ògiri, ó sàn ju kó lẹ̀ mọ́ ọn lọ. Kí sípíkà méjèèjì kọjú sí gígùn yàrá, kí ẹ̀gbẹ́ ọ̀tún àti òsì dọ́gba, kí àga sì wà ní bíi mítà 1.4 sí ògiri iwájú nínú yàrá tí a ń sọ yìí, ìyẹn 38 nínú 100 gígùn rẹ̀. Ṣíṣí àga náà kò gba kọ́bọ̀.

Nínú gbogbo èyí, ohun tí aṣọ ń ṣe ní igun yàrá ni agbádá àti aṣọ òfì ń ṣe ní àgbàlá ààfin. Sẹ̀ǹtímítà férémù àti ẹsẹ̀ bàtà àlàfo ni wọ́n fi ń wá ohun tí ojú ọ̀run ń fún àyàn lọ́fẹ̀ẹ́. Ètò kọ̀ǹpútà tó ń fi gbohùngbohùn sí orin wúlò púpọ̀, ṣùgbọ́n yàrá tó ti ní gbohùngbohùn tirẹ̀ kò jẹ́ kí ẹni tó ń lò ó mọ iye tó fi sí i. Ẹni tó bá ní owó sípíkà tuntun lọ́wọ́, kó kọ́kọ́ mú ìdajì rẹ̀ lọ bá káfíńtà.

Iṣẹ́ kan kù tí agbára ọ̀dọ́ kan nínú yàrá kò ká. Yunifásítì méjì àti pólì kan wà ní Ẹdẹ, ìmọ̀ físíìsì àti ìmọ̀ ilé kíkọ́ kò sì jìnnà sí wọn. Kí wọ́n para pọ̀ kọ́ yàrá kan ṣoṣo tó dára, tí akẹ́kọ̀ọ́ àti ará ìlú lè wọ̀ láti gbọ́ orin wọn bó ṣe rí gan-an. Kí wọ́n tún gbé máíkì lọ sí ààfin, kí wọ́n gba dùndún Tìmì sílẹ̀ nínú àgbàlá, kí wọ́n tún pe àwọn àyàn kan náà wá sínú yàrá náà, kí wọ́n sì fi méjèèjì sí ibi tí gbogbo ènìyàn ti lè gbọ́ wọn. Àwọn àgbà àyàn tó mọ oríkì àwọn Tìmì àtijọ́ ni kí wọ́n kọ́kọ́ pè.